Ọ̀dọ̀ Ọ̀tá Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yà Sí: Bí A Ṣe Ń Ṣàbẹ̀wò sí Itẹ́ Òkú Ogun ní Ypres

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lọ wo itẹ́ òkú ogun, sàréè àwọn tiwọn nìkan ni wọ́n ń wò. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì á lọ sí ti Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Jámánì á lọ sí ti Jámánì, wọn á fi òdòdó lélẹ̀, wọn á ya fọ́tò, wọn á sì wọkọ̀ padà sílé. Ìrántí ni ìyẹn lóòótọ́, àmọ́ kò tíì di ìlàjà. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìrìn náà ṣe yín láǹfààní, ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n pè ní ọ̀tá ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí, kí ẹ tó lọ bá àwọn tí ọkàn yín ti gbè sẹ́yìn wọn tẹ́lẹ̀. Orí èyí ni mo gbé gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí kà.

Ìlú tí mo fẹ́ mú yín lọ ni Ypres, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m. Ieper ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, Ieper náà lẹ ó sì rí lára pátákó ojú ọ̀nà àti ní ibùdókọ̀ ojú irin, ẹ má ṣe rò pé ẹ ti ṣìnà. Láti 1914 di 1918, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Jámánì wà ní apá kan; àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Bẹ́ljíọ̀m àti àwọn tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń ṣàkóso wà ní apá kejì. Àgbá tí wọ́n ń yìn síra wọn wó ìlú náà palẹ̀ pátápátá. Ẹ̀bá ibẹ̀ ni àwọn Jámánì ti tú gáàsì olóró sílẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, ó sì bá àwọn ọmọ ogun Faransé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Algeria. Àwọn ilé tó dà bí ilé àtijọ́ tí ẹ máa rí láàárín ìgboro lónìí, títí kan Lakenhalle, ilé gàgàrà tí àwọn oníṣòwò aṣọ kọ́ láyé àtijọ́, lẹ́yìn ogun ni wọ́n tún gbogbo wọn kọ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá. Ní 1914, Faransé kó àwọn ọmọ ogun láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá jà ní Diksmuide, ìlú tí kò jìnnà sí Ypres. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ìyẹn Commonwealth War Graves Commission tí wọ́n ń pè ní CWGC, òun náà ló ń tọ́jú orúkọ àwọn bàbá wa tó bógun lọ sí Bọ́mà tí wọn ò padà wá. Ẹni tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá sàréè ní Ypres ti mọ bí yóò ṣe wá orúkọ bàbá bàbá rẹ̀. Màá débẹ̀ tó bá yá.

Ẹ mú orúkọ méjì dání kúrò nílé

Òkúta tó wà ní Tyne Cot nìkan, itẹ́ òkú àwọn Gẹ̀ẹ́sì nítòsí Ypres, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000. Ẹni tó bá lọ bá wọn láìmú orúkọ kankan dání, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi jọra lójú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yan ẹni méjì kí ẹ tó gbéra, ọ̀kan láti apá kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ orí ni mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi yàn. Bí ọmọ ọdún 19 bá wà nínú ilé yín, ẹ wá ọmọ ọdún 19 tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ará Kánádà, kí ẹ tún wá ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Jámánì. Bí ẹ bá rí ẹni méjì tó kú lọ́jọ́ kan náà, ó tún dára bẹ́ẹ̀.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa wá wọn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Ìkànnì CWGC wà fún àwọn tó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun. Ti àwọn Jámánì wà lọ́wọ́ Volksbund, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1919 láti máa tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun wọn. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Namenlijst, ìwé orúkọ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé In Flanders Fields tó wà nínú Lakenhalle ń kó jọ. Orúkọ tó lé ní 600,000 ló wà nínú rẹ̀, ti àwọn tí ogun náà pa ní Bẹ́ljíọ̀m. Ọ̀tá, ọ̀rẹ́, ará ìlú tí kò gbébọn rí, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Bí ẹ kò bá tiẹ̀ lè rìnrìn àjò náà rárá, ẹ lè jókòó nílé kí ẹ ka ìyẹn.

Bí ẹ bá ti rí ẹni tí ẹ ń wá lórí ìkànnì CWGC, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tó rí báyìí: XXIV. B. 12. Èyí tí wọ́n fi lẹ́tà Róòmù kọ ni agbo sàréè, lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ni ìlà, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni sàréè fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ má fi sínú fóònù nìkan. Nítòsí ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú CWGC, ẹ sábà máa ń rí ìlẹ̀kùn irin kékeré kan lára ògiri. Ìwé orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ àti ìwé tí àlejò ń kọ orúkọ sí ló máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣí i, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí.

Físà, ọkọ̀, bàtà

Ẹni tó bá ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà Schengen, kódà bó bá ní ìwé ìgbélùú ní Ìlú Ọba. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti London, ọkọ̀ ojú irin Eurostar ń gbéra ní St Pancras lọ sí Brussels. Láti Brussels ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́lé lọ sí Ieper, ẹ sì máa ní láti pààrọ̀ ọkọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò lè gba Dover lọ sí Calais. Láti Calais dé Ypres kò jìnnà púpọ̀.

Bí ẹ bá ti wọ ìlú, ẹ yá kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, Langemark, tí itẹ́ òkú àwọn Jámánì wà, àti Tyne Cot kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá lọ láti àárín ìgboro. Nọ́ńbà wà lára àwọn òpó kéékèèké lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Láti nọ́ńbà kan lẹ ó máa tẹ̀ lé e dé òmíràn. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn kó gba takisí, kò pọn dandan kéèyàn fi ara jìyà.

Ọjọ́ méjì àti òru ọjọ́ kan tó. Ẹ má ṣe yan ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá bí ẹ kò bá fẹ́ èrò, nítorí ọjọ́ tí wọ́n ń rántí òpin ogun náà ni, gbogbo ayé ló sì ń lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sí gbogbo itẹ́ òkú tí mo máa dárúkọ. Ẹ wọ bàtà tó lè gbé yín nínú ẹrẹ̀, torí òjò ibẹ̀ kì í kìlọ̀. Ẹ ó ráyè ronú nípa ẹrẹ̀ yẹn náà: nígbà ogun Passchendaele, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 1917 tó sì parí lọ́jọ́ 10 oṣù kọkànlá, àgbá ti ba gbogbo kòtò tí omi ń gbà jáde jẹ́, òjò sì ń rọ̀ lé e lórí. Àwọn ọmọ ogun kan rì sínú ẹrẹ̀ náà tòun ti ẹrù wọn, àwọn ẹgbẹ́ wọn kò sì lè fà wọ́n jáde.

Langemark ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní

Ilé kékeré olókùúta ló wà lẹ́nu ọ̀nà Langemark, inú rẹ̀ lẹ máa gbà kọjá. Bí ẹ bá ti yọ, sàréè ńlá kan ló wà níwájú yín, kò sì tóbi bí ẹ ṣe máa rò. Nǹkan bí 25,000 èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Gbogbo àwọn tí wọ́n sin sí itẹ́ òkú náà lé ní 44,000.

Ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa. Àwọn pátákó bàbà tí wọ́n tò yí sàréè náà ká ni orúkọ wà lára wọn, ó sún mọ́ra, ó kéré. Ẹ fi ìka tọ ìlà kan, kí ẹ ka orúkọ mẹ́wàá sókè tí etí yín á gbọ́. Bí ẹni tí ẹ yàn bá wà níbẹ̀, ẹ wá a. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì wà lára àwọn tí orúkọ wọn wà lórí sàréè yẹn. Ilẹ̀ kò bi wọ́n léèrè èdè tí wọ́n ń sọ.

Ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ṣókùnkùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Igi óàkù ló bò ó, àwọn òkúta pẹlẹbẹ ló sùn sínú koríko, orúkọ èèyàn mélòó kan ló sì máa ń wà lórí ẹyọ kan. Lọ́wọ́ ẹ̀yìn, ère ọkùnrin mẹ́rin dúró, wọ́n dorí kodò. Emil Krieger ló mọ wọ́n. Àwọn kan á wò ó, wọ́n á ní àwọn Jámánì kò náání òkú wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ṣẹ́gun wọ Bẹ́ljíọ̀m ní 1914, orílẹ̀-èdè tó ní òun kò dá sí ìjà ẹnikẹ́ni, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ará ìlú tí kò mú ohun ìjà dání. Ará Bẹ́ljíọ̀m tí wọ́n ṣe báyìí sí, kò rọrùn fún un láti yọ̀ǹda ilẹ̀ oko rẹ̀ fún òkú wọn. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1950, wọ́n kó àwọn sàréè Jámánì tó wà káàkiri jọ sí ibi díẹ̀, Langemark sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi há mọ́ra.

Mo fẹ́ kí ẹ gbé ohun méjèèjì dání pọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn níbẹ̀: pé orílẹ̀-èdè wọn ló ṣẹ̀, àti pé ọmọ ọdún 18 tó wà nínú ilẹ̀ yẹn kọ́ ló pète ogun. Ìlàjà kì í ṣe ká pa ẹ̀bi rẹ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ohun tó fẹ́ fi ibojì ṣe yàtọ̀. Langemark fúnra rẹ̀ ti rí irú rẹ̀ rí. Láti 1914 ni wọ́n ti ń tan ìtàn kálẹ̀ ní Jámánì pé àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọrin bí wọ́n ṣe ń kú lọ níbẹ̀, àwọn Nazi sì sọ ìtàn náà di ohun tí wọ́n fi ń ti àwọn ọmọ tuntun lọ sójú ogun. Hitler wá síbẹ̀ ní 1940, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tún ti gba Bẹ́ljíọ̀m. Níbikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ tí olóṣèlú ń yin ikú àwọn ọ̀dọ́ ní ojú oórì wọn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa sí ohun tó fẹ́ sọ tẹ̀ lé e.

Tyne Cot ní ọ̀sán

Tyne Cot ló tóbi jù nínú gbogbo itẹ́ òkú ogun tí CWGC ń tọ́jú láyé. Nínú àwọn sàréè ibẹ̀, ó lé ní 8,300 tí wọn kò mọ orúkọ ẹni tó wà nínú wọn. Ògiri tó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká ní orúkọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 35,000, ti àwọn tí wọn kò rí òkú wọn tàbí tí wọn kò dá òkú wọn mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gba ilé àlejò tó wà nítòsí kọjá. Ohùn kan ń pe orúkọ àwọn tó kú níbẹ̀ àti ọjọ́ orí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára. Ẹ má ṣe sáré kọjá ohùn yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ìlà kan ṣoṣo kí ẹ ka òkúta rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n ṣe ń kà á nìyí. Lókè pátápátá ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun tàbí ti orílẹ̀-èdè: ewé igi mépù ni Kánádà, ewé fern ni New Zealand, oòrùn tó ń yọ ni Ọsirélíà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni nọ́ńbà, ipò, orúkọ, ọjọ́ tó kú àti ọjọ́ orí, bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n. Láàárín ni àmì ẹ̀sìn rẹ̀. Ibi tó kan ilẹ̀, tí koríko àti òdòdó fẹ́ bò, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ tí ìdílé rẹ̀ yàn fúnra wọn ló wà níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ń pẹ́ jù. Lẹ́tà 66 péré ni wọ́n fún ìdílé láyè láti kọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí ìdílé san owó lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di ohun tó bá wu oníkálukú. Ìjọba New Zealand kò gbà kí àwọn ará wọn kọ ohunkóhun rárá, kí olówó má baà ju tálákà lọ. Ìyẹn ni àwọn òkúta onífern ṣe ṣófo nísàlẹ̀. Àwọn ìyókù, ẹsẹ Bíbélì kún ibẹ̀, àmọ́ ẹ ó tún rí ti ìyá kan tó kàn pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ ilé. Bí òkúta kò bá ní orúkọ, ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni pé Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni náà. Rudyard Kipling, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, ló yan ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ tirẹ̀ náà sọnù sójú ogun ní Loos, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1915.

Gbogbo òkúta náà dọ́gba. Ọ̀gágun àti ọmọ ogun lásán, gíga kan náà ni tiwọn. Ìpinnu tí àjọ náà ṣe lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1917 ni, wọ́n sì fi òfin mìíràn kún un tó dun àwọn ènìyàn wọra: wọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òkú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Àwa tí à ń fi ilẹ̀ ilé bàbá ẹni ṣe ibi ìsìnkú, tí à ń ṣe ìnáwó rẹpẹtẹ kí òkú má baà sùn sí òkè òkun, a lè mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún ìyá tó wà ní abúlé kan ní Scotland tí kò lówó ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀pọ̀ wọn bẹ àjọ náà, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, wọn kò gbà fún wọn.

Kí ẹ tó kúrò, ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sídìí àgbélébùú gíga tó wà láàárín. Ilé kọnkéré tí àwọn Jámánì fi ń yìnbọn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọba George Karùn-ún ló dábàá ní 1922 pé kí wọ́n má wó o, kí wọ́n gbé àgbélébùú lé e lórí. Ọmọ ogun Jámánì mẹ́rin wà lára àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wọn rí.

Menin Gate ní aago mẹ́jọ alẹ́

Ẹ padà sí ìgboro, ẹ jẹun, kí ẹ sì ti wà lábẹ́ ẹnu odi ńlá yìí ó kéré tán ní aago méje àbọ̀, torí èrò máa ń pọ̀. Orúkọ tó lé ní 54,000 ló wà lára ògiri rẹ̀, ti àwọn tí kò ní sàréè. Àwọn ọmọ Íńdíà náà wà níbẹ̀. Bí àgbẹ̀ tàbí oníṣẹ́ ọ̀nà bá hú egungun ọ̀kan nínú wọn lónìí tí wọ́n sì dá a mọ̀, wọ́n á sin ín, wọ́n á sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Ọdún 1928 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè níbẹ̀ ní alaalẹ́, ní aago mẹ́jọ. Ìgbà tí àwọn Jámánì gba ìlú náà nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún 1944 tí àwọn ọmọ ogun Poland gba ìlú náà sílẹ̀, wọ́n tún un fọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ ṣí fìlà, ẹ pa fóònù, ẹ má pàtẹ́wọ́ bó bá parí. Bí ẹgbẹ́ tàbí ìjọ yín bá fẹ́ fi òdòdó lélẹ̀, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó o ṣáájú.

Orúkọ àwọn tó jà fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lára ògiri yẹn. Ẹni tó bá ti lọ sí Langemark láàárọ̀, yóò gbọ́ fèrè náà fún apá méjèèjì.

Vladslo ní ọjọ́ kejì

Bí ẹ bá fẹ́ padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ kan, èmi kò ní bá yín jà, àmọ́ bó bá ṣeé ṣe, ẹ má fo Vladslo. Lẹ́yìn Diksmuide ló wà, ọ̀nà jìn díẹ̀ fún kẹ̀kẹ́, ẹ wá mọ́tò. Àwọn Jámánì tó lé ní 25,000 ló sùn síbẹ̀, lábẹ́ igi, nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lápá ẹ̀yìn, ère ọkùnrin kan àti obìnrin kan kúnlẹ̀, wọ́n kọjú sí àwọn sàréè.

Käthe Kollwitz ló ṣe ère náà, gbajúmọ̀ ayàwòrán ni láyé ìgbà náà ní Berlin. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Peter, jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó, bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè wọṣẹ́ ogun, bàbá náà kò sì fẹ́. Ìyá rẹ̀ ló bá a bẹ bàbá. Oṣù kẹwàá ọdún 1914 kò tíì parí tí ìbọn fi pa á nítòsí Diksmuide. Ọdún mẹ́tàdínlógún sí méjìdínlógún ni ìyá náà fi ń gbìyànjú ère yìí, ó ń ṣe é, ó ń fi í sílẹ̀, ó tún ń padà sídìí rẹ̀, títí di 1932 tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Ojú bàbá jọ ti ọkọ rẹ̀, ojú ìyá jọ tirẹ̀. Bàbá náà nàró lórí eékún, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ara rẹ̀ mú gírígírí. Ìyá ti tẹ̀, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Òkúta tó ní orúkọ Peter Kollwitz wà lára àwọn tó wà níwájú wọn gan-an. Ní 1942, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọ́n sọ ní Peter náà tún kú sójú ogun kejì.

Ní ilẹ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í wo ojú oórì ọmọ. Ọ̀fọ̀ ni, ẹlẹ́gbẹ́ ọmọ ni í ṣe ètò rẹ̀, wọ́n á mú ìyá kúrò nítòsí. Àdúrà wa láràárọ̀ ni kí ọmọ ó sin wá. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá tó bá dé iwájú ère méjì yìí á rí ohun tí a ti kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀: bàbá àti ìyá tó wá kúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ kí wọ́n wà, tí wọ́n ń fi ìkúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lóye ère náà, mi ò sì tíì rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ tó ṣì ń sọ̀rọ̀ nípa apá tó ṣẹ́gun. Bí ẹ bá mú ọmọ yín tó ti dàgbà lọ, ẹ dúró tì í níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ lè má sí lẹ́nu yín, kò burú.

Ìwà tó yẹ

Ẹ mú àwọn ọmọdé dání. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ kí ọmọdé wọ itẹ́ òkú, pàápàá ti àwọn tó kú ikú ogun, àmọ́ ọgbà tó mọ́ tónítóní ni wọ̀nyí, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fún ọmọ ní iṣẹ́: kó wá orúkọ kan, kó ka ọjọ́ orí rẹ̀, kó fi ọjọ́ orí ara rẹ̀ wé e. Kó má gun òkúta, kó má sáré lórí sàréè.

Fọ́tò kò léèwọ̀. Fọ́tò tí èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín tó fẹ̀yìn ti òkúta ọmọ ẹlòmíràn ni kò dáa. Ẹ lè gbàdúrà ní ẹ̀sìn tiyín, láìpariwo. Òdòdó tútù dára, ẹ má fi ọ̀rá tó wé e sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan sílẹ̀, omi tútù díẹ̀ sórí koríko ti tó. Ẹ má da ohunkóhun sórí òkúta, kò níí pẹ́ bà á jẹ́.

Èyí tó kàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, ẹ lè rí irin tó ti dípẹtà tó rí gbọọrọ, tí àgbẹ̀ kó sẹ́bàá ọ̀nà tàbí sídìí òpó iná. Bọ́ǹbù àgbá ni. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, ọdọọdún ni ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ ń hú wọn jáde, gáàsì olóró sì wà nínú àwọn mìíràn. Àwọn ọmọ ogun Bẹ́ljíọ̀m ló ń wá kó wọn. Ẹ má sún mọ́ ọn, ẹ má fi ẹsẹ̀ tì í, ẹ má mú irin kankan lọ sílé ṣe ohun ìrántí.

Orúkọ àwọn tiwa

Bí ẹ bá ti padà délé, ẹ ṣí ìkànnì CWGC yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ogun kìíní, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà jà ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ogun kejì, wọ́n wà lára ìpín 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sí Bọ́mà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú níbẹ̀ tí kò ní sàréè ni orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial, tó wà nínú itẹ́ òkú ogun Taukkyan nítòsí Yangon, níbi tí orúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000. Ìjà abẹ́lé ti sọ ìrìn àjò sí Myanmar, orúkọ tí Bọ́mà ń jẹ́ báyìí, di eléwu, nítorí náà orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti wá wọn ná.

Ẹ má fi orúkọ ìdílé yín bí ẹ ṣe ń kọ ọ́ lónìí nìkan wá a. Akọ̀wé ológun ayé ìgbà náà sábà máa ń kọ orúkọ tí ọmọ ogun jẹ́, á sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ ìkẹyìn. Bí bàbá àgbà bá jẹ́ Láwàní tó wá láti Ìbàdàn, ẹ tẹ Ibadan sí àyè orúkọ ìdílé. Ẹ gbìyànjú Oyo, Ilorin, Ogbomosho, Iseyin. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá ṣe máa kọ ọ́: Lawani, Lawal, Lawan. Ẹ yan Nigeria Regiment níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Bí ìwé ìgbaṣẹ́ rẹ̀ bá ṣì wà nínú àpótí ẹnìkan lábúlé, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA ni kí ẹ wá lára rẹ̀, òun ló dájú ju orúkọ lọ.

Ẹ lè wá a títí kí ẹ má rí i, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, CWGC fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde, ó sì tọrọ àforíjì: nínú àwọn tó kú nígbà ogun kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀, ó kéré tán 116,000 ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbì kankan tàbí tí wọn kò ṣe ìrántí kankan fún, àwọn ará Áfíríkà àti Íjíbítì ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìlànà pé gbogbo òkúta dọ́gba, tí ẹ rí ní Tyne Cot, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn aláàárù tó ru ẹrù ogun la igbó Ìlà-Oòrùn Áfíríkà kọjá. Ó yẹ kí èyí dùn wá, ó sì yẹ ká ṣe nǹkan sí i, torí àjọ náà ṣì ń gba ẹ̀rí tuntun.

Ẹ jókòó ti àgbà tó bá ṣẹ́kù nínú ẹbí, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú fóònù. Ẹ bi í ní orúkọ tí bàbá náà ń jẹ́ nínú ogun, ìlú tó ti wọṣẹ́, ọdún tó lọ, ẹni tó gbé ìròyìn ikú rẹ̀ wálé. Ẹ ya fọ́tò ìwé, mẹ́dàlì, lẹ́tà àti àwòrán tó bá wà, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ránṣẹ́ sí CWGC, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà kan sílé, kí ẹ sì kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì ohùn tó tọ́ sí i.